Bísí, nípa abẹ́rẹ́ tí o béèrè

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ti ń mókun díẹ̀? Ibi tí o ti kọ ọ́ pé ẹnu rẹ kò là tó kí o fi yán ká mi lára gan-an. Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi.

O ní ẹnì kan ní kí o wá abẹ́rẹ́ TGF-beta gbà sí aromọléegun oríkèé àgbọ̀n rẹ, torí pé èròjà inú ara yìí ń mú ara hù. Jọ̀wọ́, má tíì gbà á.

Fi ìka rẹ síwájú etí, kí o la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó ń yọ́ lọ síwájú lábẹ́ ìka rẹ yẹn ni orí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Eegun rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bò ó. Òun ni aromọléegun ń jẹ, àmọ́ eegun líle tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ń bà jẹ́, ibẹ̀ sì ni TGF-beta 1, ọ̀kan lára irú TGF-beta, wà. Inú eegun ni ara kó o pamọ́ sí. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun bá ti jẹ díẹ̀, á tú jáde, á sì pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun wá dí ojú ibẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe bíríkìlà sí ògiri tó ya. Iṣẹ́ ire ni. Ṣùgbọ́n nínú àrùn yìí, jíjẹ náà ti pọ̀ jù. TGF-beta á pọ̀ lápọ̀jù, eegun á hù ségesège síbi tí kò yẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì máa hù lábẹ́ eegun rírọ̀ náà. Àwọn eku tí wọ́n mú kí TGF-beta pọ̀ nínú eegun wọn, oríkèé àgbọ̀n wọn bà jẹ́. Nígbà tí wọ́n dí i lọ́wọ́ nínú eku tó ní àrùn náà, ìbàjẹ́ dínkù.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí ṣáá ni pé eegun rírọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe kó má ní TGF-beta. Èròjà kan tó ń jẹ́ Smad3 ló ń jíṣẹ́ TGF-beta nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn eku tí kò ní Smad3, eegun rírọ̀ oríkèé wọn bà jẹ́. Nítorí náà, a ò lè bu ú sínú oríkèé bẹ́ẹ̀, a ò sì lè pa á run pátápátá.

Ní báyìí ná, máa jẹ oúnjẹ rírọ̀, yé jẹ ṣingọ́ọ̀mù, fi aṣọ tí a rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ojú oríkèé náà. Bí o bá ń payín keke lójú oorun, bi dókítà eyín nípa ike tí wọ́n ń fi sáàárín eyín sùn. Ní kí ó ya fọ́tò oríkèé náà, kí o sì kọ ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́