Ẹ Má Tíì Ta Ìjàpá Yín Fún Onírin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n bá àwọn tí Ìjàpá, mọ́tò Volkswagen Beetle àtijọ́, wà lágbàlá wọn sọ̀rọ̀. Koríko ti bò ó, adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀, ẹ sì ti ń wojú ọ̀nà fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Ẹ má tíì tà á. Ẹni tó ń wá a wà.

Èmi náà wá a. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá àwọn ọmọ mi, Ìjàpá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ló sì fi kọ́ mọ́tò wíwà. Títí dòní, tí ìró ẹ́ńjìnnì Volkswagen bá kọjá níta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ ní àwọn á dá agbádá fún un. Mo ní kí wọ́n dá a. Èmi ti ń tọ́jú nínú owó òfì tí mò ń tà lọ́jà Jagun, n ò sì jẹ́ kó gbọ́.

Àwọn kan ní obìnrin wo ló ń ra mọ́tò fọ́kọ, àlòkù lásánlàsàn sì tún ni. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ilé tí wọ́n júwe fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́: "Áà, ìyá, a mà ti tà á fún onírin." Bẹ́ẹ̀, ní Mẹ́síkò, 2003 ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, torí ó ti wọ̀lú kí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lápá ọ̀tún títì ní April 1972. Mẹkáníìkì mi ní òun ò ní jẹ́ kí n ra ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á máa dá dúró.

Ìyá opó kan nítòsí Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, ló gbà mí. Ti 1976 ni tiẹ̀, ó wà lára àwọn tí wọ́n tò ní Òjó, l'Ékòó, níbi tí Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Onírin ti dá owó lé e, ó ní ọkàn òun ò kàn gbà á ni.

Kí owó tó jáde, àga ẹ̀yìn ni mẹkáníìkì kọ́kọ́ gbé sókè. Abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, omi rẹ̀ a sì máa jẹ irin ìsàlẹ̀ dihò. Tiwa ò jẹ púpọ̀, wẹ́dà dí i. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò lo omi rádíétọ̀ rárá. Bẹ́lítì kan náà ló ń yí fáànù rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀, nítorí náà tí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́lítì lè ti já, kí afẹ́fẹ́ má sì tu ẹ́ńjìnnì mọ́; ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ dúró, ẹ pa á. Àwọn ẹ̀yà tó ti bàjẹ́, Gate Ìbàdàn la ti rí púpọ̀ nínú wọn.

Ìwé mọ́tò ló fẹ́ tú mi fó. Orúkọ olóògbé ló wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti tọwọ́ bọ̀wé, ọlọ́pàá náà sì yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásí wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè káàdì ìdánimọ̀ ọkọ mi lọ́wọ́ rẹ̀ láì jẹ́ kó fura? Orúkọ tèmi la fi sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, kò kí mi, kò kí àlejò. Ẹ̀yìn mọ́tò ló bá lọ, ó ṣí i, ó fa igi ọ́ìlì yọ, ó wò ó dáadáa, ó ní: "Ta ló da irú ọ́ìlì yìí sí i?"

Bọ́ńpà iwájú ló kù tí à ń wá báyìí, ojúlówó rẹ̀. Ẹni tí Ìjàpá tó ti kú pátápátá bá wà lọ́gbà rẹ̀, kó béèrè mi lọ́jà Jagun. Iye tí onírin bá dá lé gbogbo rẹ̀, mo máa san án lórí bọ́ńpà nìkan.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Olófì,
Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́.