Ọmọrí ni, kì í ṣe àgádágodo

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Sábọ̀, Ìgbógbó, Agric àti káàkiri Ìkòròdú, ẹ kú ọjà o.

Láti ìgbà tí a ti gbé sọ́fíwíà ìtajà tuntun sórí kọ̀ǹpútà yín, àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan ti ń pè wá pé páswọ́ọ̀dù tó wà nínú fáìlì ètò rẹ̀ ti di wúruwùru. Kò bàjẹ́. Àwa la fi Base64, ìyẹn ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi àmì mìíràn tún ọ̀rọ̀ kọ, bò ó. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ọmọ iṣẹ́ wa nígbà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lórí káńtà yín lè ka páswọ́ọ̀dù ibi tí àkọsílẹ̀ ọjà àti owó yín wà, kó há a sórí. Ìyẹn la fẹ́ dí.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa kan ya fọ́tò fáìlì yìí, ó fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wọn, ó ní ṣebí wọ́n ti bò ó. Àyà mi já. Òru ọjọ́ náà la pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ṣàlàyé.

Ọmọrí ìkòkò ni Base64: ó ń dí eṣinṣin lọ́wọ́, kò lè dí olè. Lẹ́tà ńlá 26, kékeré 26, nọ́ńbà 10, pẹ̀lú + àti /, ló fi ń tún ọ̀rọ̀ kọ. Kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹni tó bá rí cGFzc3dvcmQ= yóò tú u sí "password" kí ẹ tó ṣẹ́jú; àmì = tó wà nídìí rẹ̀ gan-an ló sábà máa ń tú u fó. ROT13 tí àwọn mìíràn ń lò tiẹ̀ tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ń sún lẹ́tà òyìnbó kọ̀ọ̀kan ní àyè 13, Ikorodu á di Vxbebqh. Ẹ sún un ní 13 lẹ́ẹ̀kan sí i, Ikorodu ti padà dé.

Kí ló dé tí a ò tì í pa? Bí iná bá lọ tó tún dé, sọ́fíwíà gbọ́dọ̀ rí páswọ́ọ̀dù yẹn lò fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọ ìtajà ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá tì í, inú kọ̀ǹpútà kan náà ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà. Ẹni tó gbé ọ̀kan ti gbé èkejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣètò rẹ̀ pé àkáǹtì ọ̀gá àti ti sọ́fíwíà nìkan ló lè ṣí fáìlì náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáìlì yìí tàbí fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà bí onítọ̀hún bá ní àwa lòun. A kì í béèrè rẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ rí, ẹ pè wá lónìí, a ó wá bá yín pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.