Ìkéde Fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Ìbálòpọ̀ àti Ìfẹ́ Tó Ti Di Bárakú

Ẹ̀yin ará wa, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbálòpọ̀ tàbí ìfẹ́ ti di bárakú fún wá ìrànlọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ICD-11, ìyẹn ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn àìsàn sí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ka ìbálòpọ̀ tí ènìyàn kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu nínú rẹ̀ mọ́ àìsàn, bí ó bá ti tó oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń ba ilé, iṣẹ́ tàbí ìlera onítọ̀hún jẹ́. Kí ẹ̀rí ọkàn kàn máa dá ènìyàn lẹ́bi kò tó láti pè é bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tó di bárakú kò sí nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ kì í ṣe irọ́ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí a sin òun lọ, kí ó bá akọ̀wé wa sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́.