Ìlera àti àyíká kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Sí Olóòtú,

Bí wọ́n bá bi aráàlú léèrè ohun tó jẹ wọ́n lógún jù, ọ̀pọ̀ á ní ìlera ara àwọn ni, wọn á sì fi ọ̀rọ̀ àyíká sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé èéfín ọkọ̀ kì í gba imú ẹnikẹ́ni wọlé. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 2022, orílẹ̀-èdè 161 ló dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni àyíká tó mọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè náà gan-an ló kù díẹ̀ káàtó: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ (mo wà lára wọn) ń tọ́jú ọkàn rẹ̀, kò sì tú èéfín sáfẹ́fẹ́, èwo ni kó wá mú níbẹ̀?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.