Má Tíì Sọ fún Wọn Pé Wàá Padà Wá

Winnipeg,
Alẹ́ Sátidé.

Àjọkẹ́ mi,

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn. Bàbá yín ní kí n yéé kà á, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń yọ́ gbé fóònù mi wò bí mo bá ti wọ ilé ìdáná. Àmì méjì ló ń yọ nídìí gbogbo ohun tí mo kọ sí ọ lórí WhatsApp, kò sì di búlúù. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì Arviat, ìlú àwọn Inuit lápá òkè Kánádà tí o ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe tibí. Mo mọ̀ pé ìjì yìnyín lè ti gbogbo ìlú mọ́lé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyẹn náà wà nínú ohun tí mo mọ̀.

Ilé ò burú. Ìbàdí ń dun bàbá yín torí wọn ò gbà kí ọmọ aládùúgbò bá wa kó yìnyín ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ra mọ́tò míì, má bi mí léèrè. Iṣu tí mo rà ti jẹrà láti inú, ìdajì rẹ̀ ni mo rí sè.

Ìyàwó àlùfáà ló dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní o ti ń bá àwọn ìyá ìjọ ibẹ̀ kiri ilé, pé bí ẹ bá ti parí ìránṣọ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ẹ ó lọ kí àwọn arúgbó àtàwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ku díẹ̀ kí n jó lójúde ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá fi kún un pé àdéhùn iṣẹ́ rẹ ń parí lóṣù kẹfà, àti pé o ti sọ fún àwọn obìnrin yẹn pé wàá padà wá, pé wàá kó àwọn ìyá Winnipeg lẹ́yìn wá. Àjọkẹ́, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé o sọ ọ́? Ta lo sọ ọ́ fún?

Bàbá yín rò pé òtútù ló ń bà mí lẹ́rù, tàbí béárì funfun. Ẹ̀rù ìyẹn náà ń bà mí o. Tó bá di oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá tí béárì ń gba etí omi Hudson Bay kọjá, má fẹsẹ̀ rìn lálẹ́, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kò sí lójú béárì. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló lé oorun lójú mi. Ọ̀rọ̀ “mò ń padà bọ̀” yẹn ni.

O mọ̀ pé mo ti dé Arviat rí, ní 2011. O ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi títí ó fi sú ọ. Mi ò sọ ọ́ tán fún ọ rí.

Àwa mẹ́rin la lọ, pẹ̀lú páálí aṣọ mẹ́fà. Aṣọ tí àwa fúnra wa ò jẹ́ wọ̀ mọ́ ni, kí n má parọ́. Àwọn obìnrin tó wá pàdé wa gbé amauti wọ̀, ẹ̀wù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán, tí ibi ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kan ń sùn nínú ti ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Èmi tí mo pọn ẹ̀yin mẹ́ta, mo wo ibi tí wọ́n rán abẹ́ rẹ̀ sí, mo wo páálí wa, ojú tì mí. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n kó páálí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Mo ti kọ ìwàásù sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n gbé ẹja tútù tó ti dì gan-an bí igi lé e, gbogbo wa jókòó yí i ká. Màmá kan mú ulu, ọ̀bẹ wọn tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó bí àbọ̀ oṣù, tí èèkù rẹ̀ wà lókè. Wọ́n ré ẹja náà pẹlẹbẹ, wọ́n nà án sí mi. Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Lẹ́ńtì ni, irọ́ náà rọrùn. Màmá wò mí, wọ́n jẹ ẹ́ fúnra wọn, wọ́n padà sídìí abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Èmi tí ara mi ò gba ìdákẹ́jẹ́, mo fà ìwé yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí wàásù fún àwọn tó ti gba Jésù kí wọ́n tó bí mi.

Bá wọn jókòó, Àjọkẹ́. Ìjókòó yẹn ni ìbẹ̀wò. Mo ti darúgbó kí n tó mọ̀ ọ́n. Wọn kì í fi ariwo kíni. Mu tíì wọn, jẹ ohun tí wọ́n bá fún ọ, gba abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá fi lé ọ lọ́wọ́, kí o sì fi fóònù sínú àpò. Tí o bá dárúkọ ìjọ, tí àgbàlagbà kan wò ọ́ láìdáhùn, má kà á sí ìbínú. Ìjọ Áńgílíkà tiwa yìí náà wà lára àwọn tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ, tí wọ́n ń gba èdè lẹ́nu wọn. Olórí ìjọ tọrọ àforíjì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, 1993. Ṣé àforíjì lè gba ọdún tó ti lọ padà?

Orin ló kó mi yọ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ṣí ìwé orin wọn, lẹ́tà rẹ̀ onígun mẹ́ta, oníkọ̀rọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gbé e, mo mọ ohùn rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n ń kọ ọ́ ní Inuktitut, èdè wọn. Bàbá mi àgbà tó jẹ́ kàtíkíìsì l’Ábẹ́òkúta ì bá rẹ́rìn-ín. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó rán Àjàyí Crowther, náà ló rán míṣọ́nnárì Peck sí Hudson Bay ní 1876. Bíbélì tiwa pé lódindi ní 1884. Tiwọn kò pé títí di 2012.

Bàálù ò lè fò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé màmá ẹlẹ́ja yẹn ni mo sùn. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń túmọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, màmá sọ pé ìyá wọn ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ikọ́ ife ni. Ìjọba gbé e lọ sílé ìwòsàn ní gúúsù, bí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ wọn láyé ìgbà yẹn. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìyá ń padà bọ̀. Kò padà. Ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Màmá ò sunkún, Àjọkẹ́. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ wọn ò dúró. Ọdún 2019, ọjọ́ 8 oṣù kẹta, ni olórí ìjọba tó lọ tọrọ àforíjì ní Iqaluit lórí ọ̀rọ̀ ikọ́ ife yẹn. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé níbí, mi ò lè jẹun.

Ìdí ni pé kí ni èmi sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo gbọ́, mo di ọwọ́ màmá mú, mo ní, “Màmá, mò ń padà bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.” Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀. Màmá fún imú pọ̀. Mo rò pé òórùn kan ló kan wọ́n nímú.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ kí àwọn aláìsàn tó wá láti òkè lọ́hùn-ún sí ilé tí wọ́n ń dé sí níbí. Mo bi aboyún kan bóyá ó fẹ́ tíì, ó gbé ìpéǹpéjú sókè. Mo bi í bóyá ó fẹ́ ṣúgà, ó fún imú pọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ló là mí lóye: ìpéǹpéjú ni bẹ́ẹ̀ ni, imú ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé ago tíì dúró lójú kan. Màmá ti dá mi lóhùn. Wọ́n ní mi ò ní wá.

Mi ò sì lọ. Èmi á sọ pé owó bàálù ni, pé kò jìnnà sí ti Èkó, pé owó ilé-ìwé rẹ ni. Mo lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ìbọ̀wọ́ awọ káríbù tó wà nínú yàrá mi, tí ẹ fi ń ṣeré nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kì í ṣe ẹ̀bùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, màmá rí i pé ọwọ́ mi ti ń dì, wọ́n bọ́ tọwọ́ wọn, wọ́n yá mi kí n fi dé pápákọ̀. Mo wọ̀ ọ́ wọnú bàálù. Mo gbé e sókè níwájú ìjọ níbí nígbà tí mo ń jíṣẹ́ ìrìn àjò wa. Mo ní wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba ọrẹ.

Nítorí náà, má tíì sọ fún wọn pé wàá padà wá. Bí o bá ti sọ ọ́, lọ sílé kọ̀ọ̀kan kí o lọ tún un sọ pé o ò mọ̀. Ojú á tì ọ́ díẹ̀, ó sàn. Bí o bá fẹ́ padà lóòótọ́, jẹ́ kí wọ́n rí ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ burúkú ni ọ́ tí o kì í pe ìyá rẹ, ṣùgbọ́n o ò tíì parọ́ fún mi rí, má lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Tàbí ó rẹ̀ ọ́ ni? Àbí ẹnì kan ló kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní kílíníkì? Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, pè mí, kí o má sọ nǹkan kan. Èmi náà á dákẹ́ sórí fóònù. Mo ti ń kọ́ ọ.

Èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ wà nínú páálí yìí. Ìbọ̀wọ́ náà wà nísàlẹ̀, mo fi aṣọ funfun wé e kí ata má bà á. Béèrè màmá náà lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ. Ilé wọn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ-ọmọ wọn yẹn á ti di ìyá ọmọ báyìí. Bí màmá kò bá sí mọ́, òun ni kí o fún. Sọ pé ìyá rẹ ló ní kí o dá a padà, pé ó pẹ́ lọ́wọ́ òun.

Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá èmi náà ń bọ̀, fún imú pọ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ.