Sí Ẹ̀yin Ọmọ Èkìtì Tí Mọ́tò Oníjókòó Méjì Ń Wù

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti níbi gbogbo tí ọmọ Èkìtì kete bá wà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Dírẹ́bà ni èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ọdún 34 ni mo fi ná Adó sí Ìbàdàn kí ojú mi tó ní kí n sinmi. Mi ò kí ń kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lọ wo ọmọ kan ní ọsibítù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Ọmọ ọdún 23 ni. Àdúgbò kan náà là ń gbé, ìyá rẹ̀ sì máa ń ra gàrí bọ̀ fún mi tó bá lọ sọ́jà. Kò tíì pé oṣù méjì tó ra mọ́tò pupa kan, Mazda MX-5, oníjókòó méjì, èyí tí wọ́n máa ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìyìn, òjò ń rọ̀. Wọn ò tíì dé Basírì tí mọ́tò náà fi fì, ó yí po, ó fi ẹ̀gbẹ́ lọ gbá òpó iná. Ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí ló gbá. A ti sin ọ̀rẹ́ náà. Èyí tó wa ọkọ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé láti ibi ìsìnkú, mo gbọ́ tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń jiyàn lábẹ́ igi máńgòrò. Ọjọ́ orí wo gan-an ni irú mọ́tò yìí yẹ? Ẹnìkan ní ọ̀dọ́ ló yẹ, pé kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe tó bá darúgbó. Òmíràn ní àwọn òyìnbó tó ti ń hewú ló ń rà á jù lókè òkun. Ẹ rí mi, ẹ ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ mọ́tò, ẹ bá wa dá a." Ọkàn mi ò gbé e lọ́jọ́ náà, mo kọjá lọ. Ẹ gbọ́ ọ báyìí.

Mi ò kórìíra mọ́tò náà o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àgbà kan ló jókòó tó ń bá ohun tuntun jà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yìí rà á, ó ní kí n wá jókòó, a sì jọ lọ títí dé Ìgèdè. Ńṣe ló dà bí ẹni jókòó sórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ilẹ̀ náà wá ń sáré. Láti 1989 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Japan, ní ọdún 2016 sì ni iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan. Ohun tó jẹ́ kí aráyé fẹ́ràn rẹ̀ yé mi ká tó kọjá Ìyìn: ó fúyẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 kílò lọ, bí o bá ti yí síárín díẹ̀ ló ti gbọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń rìn, bíi ti Peugeot 504 tí mo wà. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti gbogbo ara ọkọ̀ lọ. Bí ojú ọ̀nà bá tutù, tí o wà nínú kọ́nà, tí o wá tẹ iná mọ́ ọn lójijì, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ lọ ṣáájú orí. Ẹni tó bá ti wa irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ìdí rẹ̀ lórí àga ló máa kọ́kọ́ sọ fún un kí ojú tó rí i. Ọmọ yìí ò wakọ̀ rí ju oṣù mẹ́rin lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́tò ọ̀rẹ́ ló sì fi kọ́ ọ.

Nígbà tí a padà dé ilé lọ́jọ́ náà, ó fà mí lápá kí n tó lè dìde jáde. Bí mo ti dúró ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni, ó ti di bárakú. Ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń ní nọ́ńbà mẹ́rin kan nínú àyíká kékeré: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Mo fi ìka nu ẹrẹ̀ kúrò, mo kà á: 2313. Ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2013. Táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá! Rọ́bà rẹ̀ ti le bí awọ ìlù, ó sì ti ń sán wẹ́wẹ́ létí. Mo fi hàn án. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ojú ẹ̀ ṣì wà." Òótọ́ ni, ojú ẹ̀ wà. Mo ní kó pààrọ̀ ẹ̀, ó ní tó bá di ìparí oṣù. Mo ní ó dáa.

Mo ní ó dáa! Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jí mi lóru. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú mi, mo jẹ́ kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún 1983 fún yín. Peugeot 504 wágọ́ọ̀nù ni mò ń wà nígbà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Èrò mi kún. Òjò alẹ́ ń rọ̀, mo ti kọjá Ilẹ́ṣà, mo ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n, níbi tí òkè àti kọ́nà ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo fẹ́ tètè dé kí n lè bọ́ sórí ìlà ní gáréèjì láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi sì wà lórí iná. Obìnrin kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ó gbé ọmọ jòjòló sẹ́sẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń sùn níbí o." Mi ò dá a lóhùn, inú tiẹ̀ bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbọ́. Ó gbéra kúrò lórí iná fúnra rẹ̀. Bí a ṣe yọ ní kọ́nà kejì báyìí, ọkọ̀ akẹ́rù kókó kan ló dúró sójú títì, kò tan iná, wọn ò já ewé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo dúró tán, mo lè fi ọwọ́ kan án láti ojú wíńdò.

Àrámọkọ ni obìnrin náà ti bọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ohùn tó wá láti ẹ̀yìn yẹn ni mo wá nínú mọ́tò pupa yẹn tí mi ò rí. Ẹ̀yìn kankan ò sí níbẹ̀. Ìjókòó méjì ni: ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ. Ẹgbẹ́ rẹ ọ̀hún, kí ló ń sọ? "Tẹ̀ ẹ́! Jẹ́ ká rí nǹkan!" Ẹni tó máa sọ pé ọmọ ń sùn kò ráyè jókòó.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọ̀nà ló burú. Mo mọ̀ pé ọ̀nà burú! Ìgbà wo ni kò burú? Mo ti wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ẹ má sọ fún mi pé kádàrá ni. Táyà 2013 kì í ṣe kádàrá. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ pé ìjàǹbá ojú títì ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun lọ láyé yìí, ẹ wá ń bi mí pé ṣé ọ̀dọ́ ni mọ́tò eré yẹ. Ta ló ń lé yín? Kí lẹ fẹ́ bá níwájú tí kò ní dúró dè yín?

Ẹ má bínú.

Ìdáhùn mi nìyí. Ẹni tí mọ́tò oníjókòó méjì yẹ ni ẹni tó ti gbé èèyàn. Ẹni tó ti gbé ìyàwó tó ń rọbí lọ sí ọsibítù lóru, tó ti gbé ìyá rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn gba orí búmpù kan dé òmíràn, tó ti gbé ọmọ mẹ́rin lọ síléèwé kí agogo tó lù. Ohùn gbogbo wọn ti wọ̀ ọ́ létí. Bó bá dá nìkan jókòó lónìí, wọ́n ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní kí n fi iye ọdún sí i, màá ní láti 45 sí 60. Àwọn ọmọ ti ń lọ nígbà yẹn, ọwọ́ ṣì yá, ojú ṣì ríran lóru. Ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí tèmi, 74, orúnkún kò ní jẹ́ kó gbádùn ẹ̀: ilẹ̀ ló ti máa dìde.

Àwọn oníinṣọ́ráńsì òkè òkun mọ̀ ọ́n. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún lórí mọ́tò eré ju ti ẹni àádọ́ta lọ dáadáa.

Ṣé ẹni 23 kò wá gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láé? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti rà á, ẹ ò sì ní tà á nítorí lẹ́tà bàbá kan. Ẹ ka nọ́ńbà táyà yín lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má gbé e jáde tí òjò bá ń rọ̀. Àwọn Road Safety ti ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 50. Ẹni tó bá sáré 100, ibi tó ti máa dúró lẹ́yìn tó bá tẹ bíréèkì yóò jìn ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti ẹni tó sáré 50 lọ. Ẹ dè bẹ́líìtì, tẹ̀yin àti ti ẹni ẹ̀gbẹ́ yín.

Ohun mìíràn tí ẹ kì í wò rèé. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wọ̀nyí ti ní ìjàǹbá lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá. Ẹ̀áàbáàgì, àpò atẹ́gùn tó máa ń tú jáde láti gba èèyàn dúró bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, bó bá ti tú jáde, kì í padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ̀áàbáàgì yẹ kó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ̀áàbáàgì ní àrùn. Bí kò bá tiẹ̀ tàn rárá, ẹnìkan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀. Ti ọmọ yìí kì í tàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, tiyín ló ká mi lára jù. Ẹ sọ̀rọ̀. Bí eré bá ti pọ̀, ẹ ní kó dúró, ẹ bọ́ sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ inú igbó Ìgèdè ni. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Obìnrin 1983 yẹn ò mọ̀ mí rí, ó sì sọ̀rọ̀.

Ìyá ọmọ yìí ṣì ń lọ sí ọsibítù láràárọ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń lọ wò ó. Mo bá àwọn méjèèjì níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n jọ ń jẹ ọsàn, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ilé ni mo máa ń wà láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní irú mọ́tò yìí, kó gbé e wá kí n bá a wo táyà rẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, màá jókòó sí ìjókòó kejì, a ó jọ lọ sí Ìgèdè, a ó sì jọ padà wá sí ulé.

Èmi ni bàbá yín,
dírẹ́bà wágọ́ọ̀nù Adó sí Ìbàdàn.