Sí Délé, ní Lọ́kọ́ja

Délé ọmọ mi,

Òkun o. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí mo ti ń pè ọ́, o kò gbé e. Ẹnu aláhesọ ni mo ti gbọ́ pé o dìde nínú ìpàdé ìjọ, o ní owó òrùlé kò pé, o sì dárúkọ alàgbà tó ná an. Alàgbà tí ẹ ń gbé ilé rẹ̀! Ṣé ó ti lé yín jáde ni? Níbo ni ìyàwó rẹ àti ọmọ ọwọ́ ń sùn?

A ti ta kajú. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá lánàá. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ pé kí o lọ dọ̀bálẹ̀, kí o ní inú ló bí ọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mo mú bírò, ọwọ́ mi kọ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ wí. Jésù ní kí á kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa, àwa méjì péré; ó wà nínú Mátíù 18. Ṣé o lọ? Bí o kò bá lọ, tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ìyẹn nìkan o. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ńkọ́? Má kó o jẹ. Ṣé Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere tó dé Ẹ̀gbẹ̀ níbí ní 1908, ń wá ohun tó máa dùn mọ́ àwọn bàbá wa nínú ni?

Bàbá rẹ kú, kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní 1996, èmi ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin. Alága gbé ìwé owó wá bá mi nílé ìdáná, ó fi ìka lé ibi tí n ó ti fọwọ́ sí: 12,000 náírà tí n kò fojú rí. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo nù ún mọ́ ìró, mo fọwọ́ sí i. Òun ló ń yá wa lówó ilé ìwé rẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́, akọ̀wé wa ni wọ́n dá lẹ́bi, opó ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó wojú mi nínú ìpàdé. Èmi ń ka òwú etí ìborùn mi. Kò tún bá wa jọ́sìn mọ́. Ó kú lọ́dún tó kọjá, n kò tíì bẹ̀ ẹ́.

Ìwọ kò mọ̀ ọ́n, ọmọdé ni ọ́. Má rò ó sí ara rẹ.

Nínú Bíbélì, wòlíì 400 ń sọ ohun tí Áhábù ọba fẹ́ gbọ́, Mikáyà nìkan ló kọ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí, oúnjẹ ìpọ́njú ni wọ́n ń fún un jẹ. Bíbélì kò sọ bóyá ó jáde. Mo ti wá a, mo wá a títí, n kò rí i. Òun ló ń jí mi lóru. Délé, níbo lẹ ń sùn?

Mo ti gbá yàrá rẹ, mo ti sá ẹní sóòrùn. Iṣu mẹ́fà wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ló ń padà; bí kò bá sílé mọ́, ẹ bá a wá, kí ilẹ̀ má ṣú yín sọ́nà.

Àkọ́bí akọ̀wé yẹn wà ní Ìsánlú. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ bá a. Ẹ̀rù ń bà mí, bá mi gbàdúrà.

Gbé fóònù.

Ìyá rẹ